Orí Keje: Alẹ́ Méjì Níbi Tó Dákẹ́

Ara kò mọ ọjọ́ Sátidé. Ìmọ́lẹ̀, ariwo, oorun àti ohun tó ń jẹ ọkàn lógún ni ara mọ̀, àwọn ló sì fi ń pinnu bóyá iṣẹ́ ló kàn tàbí ìsinmi. Ìdí nìyí tí ènìyàn fi lè lo ọjọ́ méjì gbáko láìlọ síbi iṣẹ́, síbẹ̀ tí gbogbo oríkèé yóò máa ro ó bó bá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ẹ wo òpin ọ̀sẹ̀ ẹni tó ń gbé Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀, ní Èkó. Ó wọlé lálẹ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti gba gbogbo ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilẹ̀ Sátidé mọ́, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀ nítorí aṣọ ẹbí, ó di ọjà, ó di òde ìnáwó níbi tí wọ́n ti fi kánópì dí àdúgbò pa, tí sípíkà ń dún títí wọ òru. Lọ́jọ́ Àìkú, ìsìn ni, lẹ́yìn ìsìn ìpàdé ẹgbẹ́, lẹ́yìn ìpàdé aṣọ fífọ̀ àti lílọ̀. Kí aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ Ajé tó lù, ó ti wà ní ibùdókọ̀ gééètì Jákàńdè, kí Òṣòdì má baà dí mọ́ ọn. Òṣìṣẹ́ gidi ni, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo èyí, ìgbà wo ni ara sinmi?

Ohun kan ṣoṣo ni orí yìí ń sọ: kí ènìyàn máa kúrò láàárín ìlú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan fún alẹ́ méjì, kí ó lọ síbi tí igi wà, tí òru ṣókùnkùn, tí kò sí ariwo, kí ó má sì ṣe nǹkan púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀rọ̀ fàájì olówó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, àwọn onímọ̀ sì ti wọn ohun tó ń ṣe nínú ara.

Aago inú ara

Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, ẹ̀yà kan wà tí kò ju hóró ìrẹsì lọ. Òun ni aago ara. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú wọlé ló fi ń mọ àsìkò. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ó ń pàṣẹ kí ẹṣẹ́ kan nínú ọpọlọ tú melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, kí gbogbo ara mọ̀ pé alẹ́ ti lẹ́. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́, melatonin á lọ sílẹ̀, cortisol á gòkè, ojú á là.

Ní Èkó, jálẹ̀ ọdún, oòrùn kì í pẹ́ ju nǹkan bí aago méje lọ kó tó wọ̀. Bí òkùnkùn bá jẹ́ òkùnkùn, ara ìbá ti máa múra oorun láàárín wákàtí méjì sí i. Ṣùgbọ́n gílóòbù funfun wà lókè orí, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú, fóònù wà lọ́wọ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé, aago mọ́kànlá alẹ́ ni iná NEPA ń dé, ìgbà náà gan-an ni a ń fa omi, tí a ń lọ aṣọ iṣẹ́, tí a ń gbé ọbẹ̀ gbóná. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn ń sọ fún aago ara pé ọ̀sán kò tíì tán, ó sì ń sún àsìkò oorun síwájú. Aago tó ń jí wa láago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí kò sì sún tirẹ̀.

Ní 2013, Kenneth Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Amẹ́ríkà kó ènìyàn 8 lọ pàgọ́ sórí àwọn òkè Rocky fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí fóònù, kò sí tọ́ọ̀ṣì. Oòrùn ní ọ̀sán, iná igi ní alẹ́, kò sí òmíràn. Nígbà tí wọ́n wọn melatonin wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, aago ara wọn ti fi nǹkan bíi wákàtí méjì yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ: bí oòrùn bá ti wọ̀ ni ara wọn ń bẹ̀rẹ̀ alẹ́ tirẹ̀. Àwọn tó sọ pé "èmi kì í tètè sùn, bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn" ni ó yí padà jù lọ nínú wọn.

Ìwádìí kejì, tí wọ́n gbé jáde ní 2017, ló kan ẹni tí kò lè gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Òpin ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fi pàgọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Alẹ́ méjì yẹn ṣe ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí odindi ọ̀sẹ̀ ṣe. Àwọn tó dúró sílé ní òpin ọ̀sẹ̀ náà ńkọ́? Ṣe ni aago ara tiwọn tún pẹ́ sí i, nítorí pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó jí. Ibi tí ìnira òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ti ń wá nìyẹn fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò kò pọ̀, ṣùgbọ́n inú itọ́ ẹnu wọn ni wọ́n ti wọn melatonin yìí, kì í ṣe pé wọ́n kàn bi wọ́n léèrè bí ara wọn ṣe rí.

Kí ló dé tó fi jẹ́ alẹ́ méjì, tí kì í ṣe ẹyọ kan? Ní 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Brown yẹ ọpọlọ àwọn tó sùn síbi àjèjì wò. Ní alẹ́ àkọ́kọ́, apá kan ọpọlọ sùn fọnfọn, apá òsì kò sùn jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó ń ṣọ́nà, ó ń gbọ́ ìró àjèjì. Nígbà tí wọ́n padà wá sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ìyàtọ̀ náà kò sí mọ́. Nítorí náà, ẹni tó lọ lówùúrọ̀ Sátidé tó padà lọ́jọ́ Àìkú ti sanwó ibi ìsinmi, ṣùgbọ́n alẹ́ tí ọpọlọ rẹ̀ fi ń ṣọ́nà nìkan ló lò níbẹ̀. Alẹ́ Jímọ̀ ni kí ẹ ti lọ.

Ohun tí etí ti gbàgbé

Òkè-Àfà kò jìnnà sí pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed. Bí ẹ bá bi àwọn tó ti pẹ́ ní Ìsọlọ̀ bóyá ariwo bàálù ń dí wọn lọ́wọ́, wọn á ní rárá, àwọn kò tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, nípa ohun tí ọkàn wọn mọ̀. Ara wọn ń gbọ́.

Àwọn onímọ̀ ní Yúróòpù so ẹ̀rọ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mọ́ apá ènìyàn 140 tó ń gbé nítòsí pápákọ̀ òfuurufú mẹ́rin, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ síta ní 2008. Bí ìró bàálù bá ti ju 35 decibel lọ nínú iyàrá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń sùn á fi nǹkan bí 6 gòkè, ìyẹn nọ́ńbà òkè tí nọ́ọ̀sì máa ń kọ sílẹ̀, bí onítọ̀hún kò bá tilẹ̀ jí. Ìró mìíràn tó bá dún bákan náà, ì báà jẹ́ ti mọ́tò tàbí ti ẹni tó ń han orun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde fún Yúróòpù ní 2018, wọ́n ní kí ariwo bàálù lóru má kọjá 40 decibel. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò ti fi ìyẹn sílẹ̀ sẹ́yìn gan-an.

Ará Òkè-Àfà mọ̀ ju ẹlòmíràn lọ ohun tí ìró lè fi ara ènìyàn ṣe. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 2002, nígbà tí àwọn bọ́ǹbù ń bú gbàmù ní bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn sá wọ inú òkùnkùn láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé pàápàá, ló bá omi kánáálì Òkè-Àfà lọ. Àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà lé ní 1,000. Ibi ìrántí wọn wà níbẹ̀ títí dòní. Ohun tó gbé ẹsẹ̀ gbogbo wọn nílẹ̀ lọ́jọ́ náà wà nínú ara gbogbo ènìyàn: ìró wọ etí, ọpọlọ kò dúró ronú, àwọn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tú adrenaline jáde, àyà ń lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ikùn ó sáré lọ sí ẹsẹ̀. Kò sí ẹ̀bi nínú ìyẹn. Ara kò lè ṣe kó má sá fún ewu.

Ètò kan náà ni fèrè dáńfó, sípíkà ilé ìjọsìn àti jẹnẹrétọ̀ ń ta jí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Kò tó kí ènìyàn sáré, ṣùgbọ́n ó tó kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ gòkè kó sì pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Bó bá di ọdún mẹ́wàá, ogún ọdún, òpó ẹ̀jẹ̀ á le. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tó dákẹ́ nìyí. Òtẹ́ẹ̀lì tó ní omi ìlúwẹ̀ẹ́ àti DJ lè dùn, ó lè mú inú wa dùn gan-an, ṣùgbọ́n ara tí a gbé kúrò ní Òkè-Àfà la tún gbé padà.

Iṣẹ́, ìsinmi àti ikú

Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìṣirò kan jáde ní 2021. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún súnmọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ, ó sì fi ìdá 17 súnmọ́ ikú àrùn ọkàn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn 745,000 ni irú iṣẹ́ àṣejù bẹ́ẹ̀ pa káàkiri ayé ní 2016 nìkan. Oníṣòwò tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago méje àárọ̀ tó ń tì í láago mẹ́sàn-án alẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ti kọjá 55 kó tó di Jímọ̀. A ò tíì ka wákàtí ojú ọ̀nà.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣe oṣù méjìlá gba ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà fún ìsinmi, kí owó rẹ̀ sì pé. Ó kéré. Bó ṣe kéré tó náà, àwọn kan ń tà á padà fún ọ̀gá wọn, àwọn mìíràn ń kó gbogbo rẹ̀ jọ fún ìnáwó ọdún Kérésì. Ní Amẹ́ríkà, Brooks Gump àti Karen Matthews yẹ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkùnrin tó lé ní 12,000 wò, àwọn tí dókítà ti rí i pé àrùn ọkàn lè tètè mú. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, iye tó kú nínú àwọn tó máa ń lọ ìsinmi lọ́dọọdún kéré sí iye tó kú nínú àwọn tí kì í lọ. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó rí àyè lọ ti lówó tàbí lókun ju àwọn yòókù, àwọn olùwádìí náà sì ro ìyẹn mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ ṣì wà.

Abẹ́ igi

Ọdún 1984 ni Roger Ulrich kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìròyìn Science tí àwọn tó ń kọ́ ọsibítù ṣì ń tọ́ka sí. Àwọn aláìsàn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ òróòro fún ló wò, ní ọsibítù kan ní Pennsylvania. Fèrèsé àwọn kan kọjú sí igi, ti àwọn kan kọjú sí ògiri bíríkì. Àwọn tó ń wo igi tètè lọ sílé, wọn kò sì béèrè oògùn ìrora líle tó bí àwọn tó ń wo ògiri. Igi tí wọn ò lè fọwọ́ kàn ni o, láti orí ibùsùn.

Ní Japan, láti 1982 ni ìjọba ti ń rọ àwọn aráàlú láti máa lọ wọ inú igbó, kí wọ́n rìn jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa mí. Qing Li, dókítà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Nippon ní Tokyo, mú ọkùnrin 12 tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì lọ sínú igbó fún ọjọ́ mẹ́ta, alẹ́ méjì. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa kòkòrò àrùn ti pọ̀ sí i, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa sí i, nínú ìwádìí tó tẹ̀ lé e èyí pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ènìyàn 12 kò pọ̀, mi ò sì ní sọ pé igbó ń wo àrùn. Ohun tí mo gbà ni pé gbogbo ìwádìí wọ̀nyí, láti ilẹ̀ tó jìnnà síra, ń tọ́ka sí ọ̀nà kan náà.

Níbo wá ni ará Òkè-Àfà lè lọ? Ibi tí mo fẹ́ràn jù láti dárúkọ ni IITA ní Ìbàdàn, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ wọn tó 1,000 hẹ́kítà, nǹkan bí 350 nínú rẹ̀ jẹ́ igbó tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé. Ilé àlejò wà níbẹ̀, adágún omi wà, ojú ọ̀nà tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn wà lábẹ́ igi ńlá. Nínú igbó náà ni ẹyẹ kan wà tí orúkọ ìlú Ìbàdàn wà lára orúkọ rẹ̀, Ibadan malimbe. Orí àti àyà akọ rẹ̀ pupa, ara yòókù dúdú. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, J. H. Elgood ló sì kọ́kọ́ júwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní 1958. Ẹni tó bá jókòó jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi láti aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tó ń wá ẹyẹ pupa kékeré yìí, kò ní ráyè ronú nípa owó ilé. Oòrùn òwúrọ̀ tí aago ara nílò á ti bà á lójú kó tó mọ̀.

Ọ̀nà ibẹ̀ náà ti rọrùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ará Òkè-Àfà kò nílò láti lọ dé Yaba, ó lè wọ̀ ọ́ ní Agége, kó sì bọ́ sílẹ̀ ní Móníyà, tí kò jìnnà sí IITA. Kò ní bá àwọn ọlọ́kọ̀ jà lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ìsinmi tí ènìyàn fi wákàtí márùn-ún ìbínú wá kò pé.

Kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Àwọn tó lè jìnnà díẹ̀ ní Ìkògòsí ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé tí wọn sì ń ṣàn lọ papọ̀. Àwọn òkè Ìdànrè wà, Erin-Ìjẹ̀ṣà wà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ilé àlejò lè bẹ ọ̀rẹ́ tó ní ilé létí oko ní ọ̀nà Abẹ́òkúta.

Ọ̀rọ̀ ilé bàbá ẹni gba àròjinlẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, oko ni iṣẹ́ wà, ìlú ni ènìyàn ti ń sinmi. Àgbẹ̀ Ìbàdàn á wà ní abà rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, bó bá wọlé sí ìlú, ọdún ló fẹ́ ṣe, tàbí ìgbéyàwó, tàbí kó kàn wá rí ará ilé. Lónìí, iṣẹ́ ti kó wá sí ìlú, ìsinmi kò sì tíì mọ ibi tí yóò lọ. Bí ẹ bá dé ìlú yín ní òpin ọ̀sẹ̀, wọn á ti gbọ́. Àwọn àbúrò á wá kí yín nítorí owó ilé ìwé, ìpàdé ẹbí á bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ bàbá yín, pásítọ̀ tàbí lèmọ́mù á ránṣẹ́. Ojúṣe ni gbogbo ìyẹn, ó dára kí á ṣe é. Ẹ má kàn pè é ní ìsinmi.

Bí ẹ ó ṣe lò ó

Nǹkan tó le jù ni kí ènìyàn má ṣe nǹkan. Sabine Sonnentag, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ohun tó ń mú kí òṣìṣẹ́ padà síbi iṣẹ́ pẹ̀lú okun. Ohun tó ń rí léraléra ni pé kí ọkàn kúrò níbi iṣẹ́ ṣe pàtàkì, kì í ṣe ara nìkan. Ẹni tó wà lábẹ́ igi tó ń dáhùn ọ̀gá lórí WhatsApp, ibi iṣẹ́ ló wà. Torí náà ẹ sọ fún wọn láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ yan ẹnì kan ṣoṣo tó lè pè yín bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀, kí ẹ pa íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù yín.

Bí alẹ́ bá lẹ́, ẹ jẹ́ kó lẹ́. Ẹ pa gílóòbù ńlá, ẹ jẹun kó tó di aago méje, ẹ jókòó síta, ẹ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Oorun lè gbé yín láago mẹ́sàn-án, ẹ má bá a jà. Bí ẹ bá jí lówùúrọ̀, ẹ jáde sínú oòrùn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, nítorí òun ló ń tún aago ara ṣe. Ẹ fẹsẹ̀ rìn, kì í ṣe láti làágùn. Bí oorun ọ̀sán bá gbé yín, ẹ sùn díẹ̀.

Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi oògùn rẹ̀ sílẹ̀ nílé nítorí pé ó ń lọ sinmi. Ìsinmi ń ran oògùn lọ́wọ́, kò gba ipò rẹ̀. Àwọn tí oorun kò wá fún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tí wọ́n ń han orun tí èémí ń sé wọn lójú oorun, dókítà ni kí wọ́n rí. Létí igbó àti létí omi, ẹ̀fọn ibà wà, òru ló sì máa ń jẹni jù: ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì dání bí ibi tí ẹ ń lọ kò bá ní.

Ohun ìbànújẹ́ kan wà tí mo gbọdọ̀ sọ. Jessica de Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands tẹ̀ lé àwọn tó lọ ìsinmi, wọ́n sì rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ara wọn ti padà sí bó ṣe wà kí wọ́n tó lọ. Àwọn kan fi èyí sọ pé ìsinmi kò wúlò. Oúnjẹ náà ń dà nínú, a kì í torí ẹ̀ sọ pé ká má jẹun mọ́. Ohun tó fi hàn ni pé ìsinmi kékeré lóòrèkóòrè sàn ju ìsinmi ńlá kan lọ́dún mẹ́ta. Láàárín méjì, ẹ lè dá díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe ní Òkè-Àfà: kọ́tìnnì tó nípọn ní iyàrá, fóònù ní pálọ̀ lóru, oòrùn òwúrọ̀ ní ìta kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ìwádìí kan ní England, lórí nǹkan bí 20,000 ènìyàn, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, rí i pé àwọn tó ń lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀ níbi tí igi àti koríko wà ń sọ pé ara àwọn le ju àwọn tí kì í lọ rárá.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí orí tó kàn, ẹ mú kàlẹ́ńdà. Ẹ wá òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, Jímọ̀ sí ọjọ́ Àìkú, kí ẹ fi bírò yí i ká. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé, ẹ sọ fún ẹgbẹ́, ẹ sọ fún ẹni tó ń pín aṣọ ẹbí pé ẹ kò sí nílé lọ́sẹ̀ náà.